Àpótí Kejìdínlọ́gbọ̀n

Ojú ewé kan péré ni ìwé ìdásílẹ̀ àbúrò mi.
Ọdún mẹ́fà, ilẹ̀ àjèjì méjì, etí òsì tí kò gbọ́ràn mọ́,
gbogbo rẹ̀ wọ inú àpótí kéékèèké
bí ìgbà tí a ń kó ẹrù sí páálí.
Orúkọ: Adérógbà. Wọ́n kọ ọ́ láìfi àmì sí i,
ó wá dà bí orúkọ ẹlòmíì.
Inú àpótí kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ ìdí sí.
Ọ̀rọ̀ méjì.

Màámi ní kí n túmọ̀ rẹ̀.
A jókòó sí ilé ìdáná wa ní Watertown,
yìnyín ti dé ẹsẹ̀ fèrèsé.
Ọ̀rọ̀ kan rọrùn: àrùn.
Èkejì ló há mi lọ́fun.
"Wọ́n ní àrùn ìwà ni, Màámi."

Ó gbé ife tíì kalẹ̀.
"Ìwà?
Ìwà ta ni?
Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó fẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù nínú òtútù,
torí dọ́là kan ni ṣéńjì rẹ̀ fi lé?
Kí wọ́n ní oorun ń sá fún un, mo gbọ́.
Kí wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò tíì dé láti ibi tí wọ́n rán an lọ,
mo gbọ́, mo rí i lójú mi.
Ṣùgbọ́n ìwà?
Èmi ni mo fi í lé e lọ́wọ́."

Ogún ìṣẹ́jú ni dókítà wọn fi wò ó.
Ó ní ó ti wà lára rẹ̀ kó tó di sójà.
Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, wọ́n ka eyín rẹ̀,
wọ́n yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ẹni fẹ́ ra ẹṣin,
wọ́n ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ọ̀gbẹ́ni Hollis, sójà àtijọ́ tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà
ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, ló bá wa kọ fọ́ọ̀mù.
"Ẹ má kọ pé ọmọ dáadáa ni.
Wọn ò ní àpótí fún ìyẹn. Ẹ kọ déètì."

A kọ déètì.
Ọjọ́ tí ọkọ̀ iwájú gbiná.
Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.
Ọjọ́ tí wọ́n ní kó buwọ́ lùwé
kó lè tètè délé.
Màámi fi lẹ́tà tirẹ̀ kún un, ojú ewé mẹ́ta,
ọ̀rọ̀ dọ́là kan yẹn sì gba ojú ewé kan ààbọ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Hollis kà á, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀.
Kò ní ká yọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ojú mẹ́ta yọ nínú kọ̀ǹpútà.
Ọ̀kan bi í: kí lo fẹ́ kí á ṣe fún ọ?
Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ tí ń kó yìnyín gba ìta kọjá,
irin rẹ̀ ń ha títì.
Adérógbà di etí tábìlì mú.
Mo ka mọ́kànlá kó tó lanu.
"Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."
Ó tán.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá ni èsì dé.
Wọ́n pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́, wọ́n fi méjì mìíràn rọ́pò.
Màámi ní kí n túmọ̀.
"Àṣẹ Akọ̀wé."
"Akọ̀wé wo?"
N kò mọ̀ ọ́n.
"Ṣé wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀?"
"Rárá, Màámi."
Ó fi ìka tọ inú àpótí náà
bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja.
"Ó dáa. Ọwọ́ wọn ti kúrò lára ìwà ọmọ mi.
Èyí tó kù, ó kù."

Lóru, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
ó ń lọ yẹ ilẹ̀kùn wò, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.
Mo tún gbọ́ sálúbàtà Màámi, wọ́ọ́, wọ́ọ́, lẹ́yìn rẹ̀.
Kò sọ fún un pé a ti ti ilẹ̀kùn.
Ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò.